Ààbọ̀ Ọkàn Méjì Lórí Okùn

"Ẹ̀yìn pépà lẹ ó dì mú, ẹnu rẹ̀ lẹ ó gé!"

Báyìí ni Àǹtí Sísọ́ọ̀sì ṣe máa ń dá a lórin, tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á máa gbè é, tí àwọn kan nínú wọn á tilẹ̀ máa fi ìdí jó lórí àga. Orúkọ tí àwọn ọmọ náà sọ tíṣà wọn nìyẹn, nítorí sísọ́ọ̀sì kékeré kan tó máa ń so kọ́ ọrùn bí ẹni so kọ́kọ́rọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ó ti ń kọ́ ọmọ, ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn àárọ̀. Ní oṣù kejì ọdún, wọ́n máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀sẹ̀ Ọkàn. Wọ́n á fi iyọ̀ po ìyẹ̀fun, wọ́n á mọ ọ́n bí ọkàn, wọ́n á sá a sójú fèrèsé. Wọ́n á gbẹ́ ọ̀dùnkún bí ọkàn, wọ́n á tì í bọ ọ̀dà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí pépà, sí tábìlì, àti sí ẹ̀wù ẹni tó bá jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo rẹ̀ ni ọkàn pépà. Ṣẹ́ pépà pupa po sí méjì, di ẹ̀yìn rẹ̀ mú níbi tó ti ṣẹ́po, kí o gé ẹnu rẹ̀ róbótó wá sí ṣóńṣó. Bí o bá là á, odidi ọkàn kan ni wàá rí. Ọmọ tó bá ṣe é sódì, tó gé ibi ìṣẹ́po sọnù, ààbọ̀ méjì ni yóò bá lọ́wọ́, ẹkún sì dé.

Irú ààbọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mọ́ tíṣà yìí lọ́wọ́.

Pépà pupa kan náà ló kọ́kọ́ mú un mọ ọkùnrin ọ̀hún. Ní ọdún tó ṣáájú, pépà tán nílé-ìwé nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Ọkàn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Alásè, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀, ló ní, "Ṣebí ìwé ni Bàbá Ìbéèrè ń tẹ̀? Àgékù pépà tí ọkùnrin yẹn ń dà nù tó fi bo òrùlé ilé yìí."

Ìbéèrè ni ọmọbìnrin kékeré kan nínú kíláàsì náà. Kò sí ohun tí kì í bi ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Tíṣà wọ ilé ìtẹ̀wé lọ. Ẹ̀rọ ń ké, òórùn tàdáwà gba imú, àgékù pépà sì dà sílẹ̀ bí ewé tí afẹ́fẹ́ gbọ̀n. Ọkùnrin gíga kan pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ sí àkísà, ṣùgbọ́n tàdáwà tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ kò lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àgékù pépà ni mo wá tọrọ."

"Irú èwo?"

"Pupa, sà. Ọkàn la fẹ́ gé."

"Ọkàn ta ni?"

"Ti àwọn ọmọ yín ni, sà. Tiyín ò sí nínú ẹ̀."

"Ẹ ṣé tí ẹ dá tèmi sí. Tèmi ti le, á ba sísọ́ọ̀sì yín jẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, tíṣà náà rẹ́rìn-ín, títí obìnrin náà fi rántí pé ọjọ́ tí wọ́n bí Ìbéèrè ni ìyàwó ọkùnrin yìí kú. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Atẹ̀wé rí i.

"Ẹ má gbé ẹ̀rín yín mì," ó wí. "Ó pẹ́ tí èèyàn ti rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

Òun fúnra rẹ̀ ló ru pépà náà wá sílé-ìwé. Ó tún kó àwọn páìpù páálí tí wọ́n máa ń wé pépà ńlá mọ́ dání, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Tíṣà mọ̀. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi etí sí ìdí kan páìpù, kí ó gbé ìdí kejì lé àyà ẹnìkejì rẹ̀. Gbì-gbì, gbì-gbì. Ó ní kí wọ́n fò sókè títí ó fi rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tún wá gbọ́: ọkàn ti ń sáré!

"Ìgbà wo ni ọkàn tún máa ń sáré bí a ò tilẹ̀ fò?" ó bi wọ́n.

"Bí ajá bá ń lé wa!"

"Bí ẹ̀rù bá ń bà wá!"

Ìbéèrè mú páìpù tirẹ̀ relé, láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó wọ ilé wọn tí kò gbọ́ ọkàn rẹ̀ wò bíi dókítà.

Pépà kò wọ́n jẹ́lé-ó-sinmi mọ́. Bí wọ́n bá tọrọ pupa, atẹ̀wé á mú pupa wá, á fi búlúù ṣe èènì. Bí wọn ò bá tọrọ nǹkan kan, á mú aláwọ̀ ewé wá. Títí tí Ìyá Alásè fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá Ìbéèrè, ṣé pépà lẹ fẹ́ fi sin wá ni? Ẹ kúkú sọ ohun tó wà níkùn yín ká lè ráyè rìn nílé yìí."

Ó sọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti lọ tán, níbi tí tíṣà ti ń họ gọ́ọ̀mù kúrò lórí tábìlì.

"Tíṣà, mo fẹ́ kí ẹ wá máa gbé nílé mi."

"Kí n wá máa kọ́ yín ní a, b, d?"

"Kí ẹ wá fẹ́ mi ni."

Tíṣà gbé ọ̀bẹ ìhọgọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ bó ṣe dé, bí ẹni pé wọ́n yọ àga kúrò nídìí rẹ̀ ni. "Ìyá Àgbà ńkọ́?" ó bi í.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ìyá Àgbà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ tó kú. Òun ló wá sìnkú ọmọ rẹ̀ tí kò sì padà sílé mọ́, tó fi omi gbígbóná wẹ ọmọ jòjòló, tó ń gbé e pọ̀n kiri nílé tí ọkùnrin náà ń sunkún.

"Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ nìyẹn," atẹ̀wé dáhùn. "Mi ò lè gbé ìyàwó wọlé lórí ẹkún ìyá yẹn. Bí wọn ò bá fi ẹnu ara wọn sọ pé ó dáa, mi ò ní lè ṣe é. Ẹ má bínú."

Tíṣà kò bínú. Bí ọkùnrin náà bá ti ní òun á lé ìyá àgbàlagbà síta nítorí rẹ̀, obìnrin náà gan-an ni ìbá sá lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ ò kan Ìyá Àgbà nìkan. Màmá tíṣà, opó ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ó ń lọ aṣọ akọrin rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ta ni ìyàwó ẹ̀ kú?"

"Bàbá Ìbéèrè, Màmá. Èyí tó ń tẹ̀wé."

"Ìyá ìyàwó tó kú sì wà nínú ilé?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Rárá o." Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Rárá, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún yìí. Ta ni bàbá ẹ fẹ́ kó tó fẹ́ mi? Ṣé mo ti sọ fún ẹ rí?"

Tíṣà mọ̀ pé bàbá òun ti ní ìyàwó kan tó kú kó tó fẹ́ ìyá òun. Ohun tí kò mọ̀ ni ìyókù.

"Àwọn èèyàn obìnrin yẹn ò bá mi jà o," Màmá ń bá a lọ. "Wọn ò bú mi. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá se oúnjẹ, wọ́n á ní àwọn ti yó. Títí bàbá ẹ fi kú, àlejò ni mo jẹ́ nínú ilé tí mo bí ẹ sí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ò wá bá ìyá mi rí kó ní, 'A fẹ́ ọmọ yín.' Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé." Ó nu ojú, bí ẹni nu òógùn. "Gbọ́ ohun tí mo wí. Bí ìyá yẹn bá lè wá jókòó síwájú mi níbí, kó fi ẹnu ara ẹ̀ tọrọ ẹ, mà á kọrin níbi ìgbéyàwó ẹ. Bí kò bá wá, má padà bá mi sọ ọ́ mọ́."

Báyìí ni gbogbo ọ̀nà ṣe já sí ẹnu ìyá kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀hún sì le. Gbogbo òbí tó ń gbé ọmọ wá sílé-ìwé ló mọ̀ pé Ìyá Àgbà gbéra ga: bí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáhùn, ó di ẹ̀ẹ̀kejì kó tó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹyẹ, kó wá wò ọ́ láti òkè délẹ̀.

Ìyá Alásè ní òun á ṣe alárenà. Ó wọ bàtà ìsinmi, ó lọ, ó padà dé, ó sì fi ìdí gún àga ilé ìdáná.

"Kí ni wọ́n wí?" tíṣà bi í.

"Jẹ́ kí n mumi ná! Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo yìn ẹ́ dé ibi tí èmi gan-an fi ń rò pé mi ò mọ̀ ẹ́. Ó kàn ń wo ẹnu mi ṣáá ni. Nígbà tó yá ló ní òun á wá wo ìpàtẹ Ọ̀sẹ̀ Ọkàn, kí òun fojú ara òun rí irú ọwọ́ tí ọmọ òun wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí? 'Ọmọ òun'?"

"Ọmọ òun ni. Torí náà, Àǹtí Sísọ́ọ̀sì, fọ ògiri ẹ."

* * *

Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàtẹ ni wọ́n gé ọkàn. Tíṣà ní àṣà méjì tí kì í yẹ̀ lórí iṣẹ́ ọmọ. Èkínní, kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Bí ọmọ bá ṣe ṣe é ni yóò ṣe gbé e kọ́ sórí okùn. Èkejì, kó tó fi pẹ́ẹ̀gì há a, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi ọmọ náà pé, "Kí lo ṣe yìí?" Nítorí ohun tí àgbà rò pé ọmọ ṣe, ó lè máà jẹ́ òun ni ọmọ ṣe. Ó ti rí ọkàn pépà tó jẹ́ labalábá, ó ti rí èyí tó jẹ́ ìdí ewúrẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni atẹ̀wé yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́la," ó rọra wí. "Wọ́n ti yọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rò. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ni tíṣà ń rò. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ààbọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ Ìbéèrè, ó tóbi ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

Tíṣà rò pé ọmọ náà ti gbàgbé orin ni. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó gba ààbọ̀ méjèèjì, ó fi pẹ́ẹ̀gì há wọn sórí okùn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó sì lọ fọ ògiri.

* * *

Ilé kún ní ọjọ́ ìpàtẹ. Màmá tíṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó dúró sẹ́yìn nídìí tábìlì bisikíìtì, ó dé fìlà ìsinmi, ó ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ọmọ ló wá wò. Ìyá Àgbà wọlé, ó fa Ìbéèrè lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró ṣánṣán.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," tíṣà kúnlẹ̀.

Kò dáhùn.

"Ẹ káàárọ̀, Mà!"

Ìyá Àgbà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ káàárọ̀." Ó gbójú sókè sí okùn. "Èwo ni ti ọmọ mi?"

Ìbéèrè nàka sí i, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fò lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ìyá náà wò ó. Ó wo odidi ọkàn tó wà lápá ọ̀tún, ó wo odidi ọkàn tó wà lápá òsì, ó tún padà wo ààbọ̀ méjì tó ń mì láàárín wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ti yẹ lọ, gbogbo ilé sì dákẹ́.

"Ta ló là á sí méjì?"

"Mà, kì í ṣe pé wọ́n là á..."

"Ọmọ gbogbo ayé, odidi ọkàn. Tèmi, ààbọ̀ ọ̀tọ̀, ààbọ̀ ọ̀tọ̀! Ṣé torí pé kò ní ìyá ni? Ṣé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i pé ilé wọn ti là ni ẹ ṣe so ó síta? Àbí ìwọ lo fẹ́ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?"

Tíṣà wo ọmọ náà. Kí ni yóò sọ? Pé ọmọ ló gé e sódì? Lójú ọmọ? Pé òun kì í tún iṣẹ́ ọmọ ṣe? Ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Màmá Àgbà, kì í ṣe..." Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Ìyá náà kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ó fà á lọ́wọ́, ó di ìta.

Màmá tíṣà gbé bisikíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Lójú ọ̀nà ilé ló ti sọ̀rọ̀.

"Ojú tí wọ́n fi wò mí nílé bàbá ẹ nìyẹn," ó wí. "Ojú kan náà ni. Èèyàn ló yàtọ̀."

* * *

Ìbéèrè kò wá sílé-ìwé mọ́. Àga rẹ̀ ṣófo, àwọn ọmọ ń bèèrè, tíṣà ń purọ́ pé ó ń bọ̀. Nígbà tí atẹ̀wé yọjú, kò mú pépà dání.

"Kí ló dé tí ẹ ò lẹ̀ ẹ́ pọ̀?" ó bi í. "Gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé n kì í tún iṣẹ́ ọmọ ṣe."

"Mo mọ̀. Ẹ máa ń bi wọ́n ni. Kí wá ni ọmọ náà ní òun ṣe?"

Tíṣà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mi ò bi í."

"Ẹ ò bi í?"

"Ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà! Ọ̀rọ̀ yín ló gbà mí lọ́kàn!"

"Ó ti di ẹ̀bi mi." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ìyá Àgbà ní tí mo bá tún dárúkọ yín, àwọn á gbé ọmọ lọ sílé àwọn. Tíṣà, mi ò mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe."

Ó lọ. Tíṣà jókòó sórí àga kékeré Ìbéèrè, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, àmọ́ orin ìsìn tó máa ń tù ú nínú kò kọjá ẹsẹ àkọ́kọ́. Ṣé àmì ni èyí? Ṣé Ọlọ́run ló ń fi ààbọ̀ pépà sọ fún òun pé òun ò ní ìpín nínú ilé náà? Àbí ìyá òun ló sọ òtítọ́, pé ọmọ ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ọ̀nà ẹ̀yìn náà ni yóò gbà?

"Kí lo ń bá Ọlọ́run sọ látàárọ̀?" Ìyá Alásè ló wọlé, ó wá kó abọ́.

"Mo ń bi í pé kí ló dé tí nǹkan yìí fi rí báyìí."

"Háà! Ọmọ tó gé pépà ń bẹ láàyè, ilé ẹ̀ ò jìnnà. Kí ló dé tí o ń da Ọlọ́run láàmú pẹ̀lú ohun tí o lè bi ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Tíṣà gbójú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yọ pẹ́ẹ̀gì méjì kúrò lórí okùn.

* * *

Ó kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Ó tún kàn án. Láti ojú fèrèsé, ó rí Ìyá Àgbà tó jókòó, tó ń ká aṣọ ọmọ lórí itan, kò gbójú sókè rárá. Ìgbéraga náà tún nìyẹn, tíṣà rò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́ padà. Ìgbà yẹn ni Ìbéèrè yọ láti yàrá, ó gbọ́ kíkàn náà, ó sáré wá ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí Sísọ́ọ̀sì!"

Ìyá Àgbà rí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ó ta gìrì. "Ta ló ní kí o wá síbí?"

Tíṣà kúnlẹ̀ síbi tó wà. Lórí ògiri, àwòrán ọ̀dọ́bìnrin kan ń wò wọ́n. Ojú Ìbéèrè ló wà níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà," tíṣà wí, ó gbé ohùn sókè kí ohùn náà má bàa gbọ̀n. "Mi ò wá ṣàwíjàre. Ohun kan wà tó yẹ kí n bi ọmọ yìí tí mi ò bi í. Ẹ jẹ́ kí n bi í lójú yín, kí n tó máa lọ."

Ìyá náà kò ní kó dìde, kò sì ní kó jáde.

Tíṣà na ààbọ̀ méjèèjì sí Ìbéèrè. "Kí lo ṣe yìí?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀. "Etí ni."

"Etí?"

"Etí méjì." Ó gba wọ́n, ó gbé wọn lé ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, róbótó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀. Etí ni wọ́n lóòótọ́. Kò sí bí èèyàn á ṣe tún wò wọ́n tí wọn ò ní jẹ́ etí.

"Etí ta ni?"

"Ti Màmá Àgbà. Tiwọn ti kéré. Mo ní kí wọ́n fi páìpù gbọ́ ọkàn mi, wọ́n fi etí ìhín, wọ́n ní ó dákẹ́. Àfi ìgbà tí wọ́n fi ti ọ̀hún. Tí mo bá pè wọ́n lẹ́yìn, wọn kì í gbọ́. Mo wá gé èyí tó tóbi fún wọn."

Aṣọ bọ́ kúrò lórí itan Ìyá Àgbà, kò mú un.

Tíṣà rántí gbogbo ìkíni tí kò ní ìdáhùn. Ó rántí orí tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ, ojú tó ń wo ẹnu Ìyá Alásè ṣáá. Gbogbo wa la pè é ní ìgbéraga! ó wí nínú ara rẹ̀. Dájúdájú, Ẹni tó dá etí mọ́ wa lórí ló mọ ẹni tí kò gbọ́ràn láàárín èmi àti ìyá yìí.

"Má sọ fún bàbá ẹ̀," Ìyá Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí etí òsì ti di. Tọ̀tún náà ti ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní arúgbó tí kò gbọ́ igbe ọmọ kò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́mọ. Wọ́n á ní, ìyàwó tuntun ti dé, ẹ máa lọ sinmi. Sinmi! Ọmọ mi lọ, ó fi èyí sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, kí ló kù nínú ọmọ tí mo bí?"

Ìbéèrè ti mú páìpù rẹ̀ dé. Ó gbé etí pépà lé orí ìyá ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì wọ́n síbẹ̀. "Ẹ gbọ́ ti Àǹtí," ó pàṣẹ. "Ẹ fi tọ̀tún gbọ́."

Bóyá ìyá náà kò fẹ́ kí ọmọ sunkún ni, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi pamọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ìdí páìpù lé àyà tíṣà, ó fi etí ọ̀tún sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ń sáré," ó wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O sáré wá ni?"

"Rárá, Mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Ìyá Àgbà gbé orí sókè pẹ̀lú etí pupa ńlá méjì lórí, ó wo tíṣà lójú, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Èmi!" ó wí. "Èmi tó jẹ́ pé ìwọ ni mo ń bẹ̀rù! Dìde. Dìde nílẹ̀, eékún á máa ro ẹ́."

* * *

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Màmá tíṣà. Ó rò pé akọrin ẹlẹgbẹ́ òun ni. Ìyá Àgbà ló wọlé, Ìbéèrè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá nàró bí ọ̀pá. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di abọ́ tó ń nù mú láìnù ún.

"Ẹ jókòó," Màmá wí, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i," Ìyá Àgbà dáhùn. "Etí mi ti di. Mo ti sọ fún ọkọ ọmọ mi náà, ẹ má fi ṣe nǹkan tí à ń pamọ́." Ó jókòó. "Mo wá tọrọ ọmọ yín."

Màmá fa àga tirẹ̀, ó jókòó.

"Mo bá a wí níwájú yín, ẹ̀bi mi ni," ìyá náà ń bá a lọ. "Mo fẹ́ kó wá gbé pẹ̀lú wa. Kó má ṣe bí àlejò. Ibi tí ìkòkò wà, kó mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́, pé kó má yọ àwòrán ọmọ mi kúrò lára ògiri. Ó ní òun ló máa máa nù ún."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá," Màmá wí jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá!" Ohùn Màmá ya. "Nígbà tèmi, ẹnì kankan ò wá. Ìyá mi fọ ilé, ó tẹ́ àga, ó retí, ẹnì kankan ò wá."

Ìyá Àgbà gbọ́ èyí. Ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó dípò àwọn tí kò wá," ó wí.

Màmá sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Mo gbà," ó wí.

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní mo gbà."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa!"

"MO GBÀ!" Màmá fi gbogbo ohùn akọrin rẹ̀ gbé e, abọ́ jábọ́ lọ́wọ́ tíṣà, láti ojú pópó sì ni wọ́n ti gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe hó yèè, tí ó sì lu nǹkan kan bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

Ìyá Àgbà fara ti àga, ó rọra ṣẹ́jú sí tíṣà.

"Ti àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́," ó wí. "Bàbá Ìbéèrè tó ń gbọ̀n níta yẹn ni mo fẹ́ kó gbọ́."